Ṣìkẹ́ Kò Bá Wa Délé

Rárá o, Àǹtí Dásọ́lá, ẹ má bu omi wá, ẹ má fa àga fún mi, n kò wá jókòó! Ìdúró ni mo fẹ́ fi sọ tẹnu mi, torí bí mo bá fìdí kan àga pẹ́nrẹ́n, ẹkún ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀, n kò sì ti Adó wá sí Ìgèdè nínú oòrùn ọ̀sán gangan yìí torí kí n lè wá sunkún. Ọkọ mi ni mo wá bá. Àbúrò yín, Oyèbámijí, ni mo wá bá! Ẹ má ní kò sí nílé, mo ti rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

N kò bá yín jà o. Kí ni n óò fi bá yín jà? Nígbà tí mo ti Ìlá wá fẹ́ ẹ, ta ló gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀? Ta ló kọ́ mi pé ulé ni wọ́n ń pe ilé níbí, pé usu ni wọ́n ń pe iṣu, kí àwọn ìyàwó ilé tó máa fi mí rẹ́rìn-ín? Ẹ̀yin ni. "Wọ́n" ni mo máa ń lò fún un tí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú yín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lónìí, ẹ forí jì mí, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó". Bí inú ṣe ń bí mi yìí, "wọ́n" ò lè gba ọ̀nà ọ̀fun mi jáde.

Kí ló wí fún yín? Ebè? Ó ní ebè ni òun wá kọ? Háà! Gbẹ́nàgbẹ́nà tí pákó oníbàárà kún iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Fájuyì nínú Adó, tí àwọn oníbẹ́ẹ̀dì ń pè mí lórí fóònù bíi pé èmi ni mo gbé bẹ́ẹ̀dì wọn sá, òun ló dédé rántí ebè! Àǹtí, ẹ lọ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí ẹ bá rí ìléròrò kan ṣoṣo níbẹ̀, kí ẹ na èmi. Kò kọ ebè kankan. Ó sá ni. Ó sá fún ọmọ tó bí, ọmọ tí kò ju báyìí lọ, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé, ẹ sì wá ń wò mí bíi pé èmi ni mo lé e.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìdí rẹ̀, torí ó dá mi lójú pé kò sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí.

Ẹ rántí ìgbà tí Màmá yín papòdà. Kíkẹ́lọmọ, àkọ́bí mi, orí ẹní kan náà ni òun àti ìyá àgbà rẹ̀ ń sùn. Láti ọjọ́ tí a ti sin Màmá, ọmọ ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kò yadi, kò ṣàìsàn, ó kàn pa ẹnu dé ni. A bi í pé ṣé yóò jẹun, á mi orí. A bi í pé kí ló ń ṣe é, á wo ilẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín wá sùn tì í, ẹ pa gbogbo àlọ́ tí ẹ mọ̀ fún un, ẹni tó máa ń gba ègbè mọ́ yín lẹ́nu, ó kàn ń wò yín bọ̀ọ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ó ra bèbí, ó ra kẹ̀kẹ́, ó gbé e lọ gba atẹ́gùn, òfo ni.

Ọjọ́ kan ló wá ti oko yín yìí dé, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù, ó yọ nǹkan kan jáde, kò ju ìkúùkù mi yìí lọ, onírun yẹ́yẹ́, olójú rọ̀bọ̀tọ̀. Ọmọ ọ̀bọ! Yínúsà ọdẹ, tí oko rẹ̀ pààlà pẹ̀lú tiyín, ló yìnbọn fún ìyá rẹ̀ lórí igi, ìyá já lulẹ̀, ọmọ kò já, ó so mọ́ òkú ìyá rẹ̀ láyà, wọ́n já a já a, kò jáwọ́. Ni mo bá figbe ta. Mo ní èmi nọ́ọ̀sì, mo mọ ohun tí ẹranko ìgbẹ́ ń gbé kiri, kó gbé e padà síbi tó ti rí i! Kíkẹ́ dìde lórí àga tó wà, ó rọra wá, ó wò ó. Ó ní, "Ó ń gbọ̀n."

Àǹtí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ ìsìnkú! "Ó ń gbọ̀n." Kí ni mo tún fẹ́ wí? Mo lọ gbé mílíìkì gbóná.

Ó sọ ọ́ ní Ṣìkẹ́. Ó ní òun ni Kíkẹ́, kí àbúrò òun máa jẹ́ Ṣìkẹ́. Olúwajùwọ́nlọ, tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ tòótọ́, bú sẹ́kún, ó ní òun ńkọ́, ṣé wọ́n ti fi ọ̀bọ rọ́pò òun ni. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín nígbà náà! Ilé padà di ilé. Sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu ni mo fi ń kán mílíìkì sí i lẹ́nu, ó máa di ìka mi mú bí ọmọ tuntun. Bàbá wọn kan bẹ́ẹ̀dì kékeré fún un, ó fi fánìṣì kùn ún tó ń dán gbinrin. Ọjọ́ tí Fadá wá wúre sílé wa, Ṣìkẹ́ já awò ojú wọn gbà, ó gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e wọ ojú ara rẹ̀, ó ń wò wá kọ́rọ́. Fadá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n gbàgbé ibi tí wọ́n ka àdúrà dé.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀bọ kì í pẹ́ kó tó di ọ̀bọ. Ó dàgbà, eyín rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa kọ́tìnnì ya, ó da ọbẹ̀ nù, ìyẹn kò dùn mí. Ọjọ́ tó bu ọmọ Mosúnmọ́lá jẹ ni mo mọ̀ pé ó tán. Aládùúgbò wa ni Mosúnmọ́lá, ògiri wa jọ kanra. Ọmọ rẹ̀ kékeré na búrẹ́dì sí ọ̀bọ, ó fi ń ṣeré, ó tún fà á padà, kí ó tó yí ojú, eyín ti wọ apá rẹ̀. Èmi ni mo fọ egbò náà. Èmi ni mo gbé ọmọ náà lọ gba abẹ́rẹ́, mo gbé ojú kúrò, èmi tí mo ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Mosúnmọ́lá kò pariwo. Ó kàn ní tí òun bá tún rí ọ̀bọ yẹn nínú àgbàlá, májèlé ni òun máa fi sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un. Ṣé ó jẹ̀bi? Kò jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, n kò ní kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó ṣe é.

Ẹnì kan ló wá júwe ọgbà kan fún wa, ó wà lẹ́yìn odi ìlú, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ẹranko tí ọdẹ sọ di ọmọ òrukàn. Èyí tó bá lè padà sígbó, wọ́n á dá a padà. Èyí tí kò bá lè padà, á máa gbé láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn a sì máa kó ọmọ wọn lọ wò wọ́n lọ́jọ́ ìsinmi. Ni àbúrò yín bá pinnu pé ibẹ̀ ló máa gbé Ṣìkẹ́ lọ, ó sì pinnu pé a ò ní sọ fún ọmọ, ó ní ká kàn sọ pé à ń lọ gbafẹ́, pé Ṣìkẹ́ náà fẹ́ lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀…

Ẹ dúró, Àǹtí. Ẹ dúró.

Ẹ gbọ́ bí ẹnu mi ṣe ń sá? "Ó pinnu." Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi nílé nìyẹn. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi nìyẹn, gbogbo wọn patẹ́wọ́, wọ́n ní ọkùnrin burú. Irọ́ ni. Irọ́ gbuu ni! Èmi ni mo ní ká má sọ. Àbúrò yín jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Morádéyọ̀, jẹ́ ká sọ fún ọmọ yìí, kó sun ẹkún rẹ̀ nílé. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá tàn, ta ló tún kù tó máa gbàgbọ́?" Ohun tó sọ gan-an nìyẹn. Èmi ni mo ní rárá. Mo ní bó bá tún pa ẹnu dé ńkọ́? Mo ní ṣé ó ti gbàgbé bí ilé ṣe rí nígbà tí Màmá kú? Mo ní ọmọdé ni, á gbàgbé. Á gbàgbé! Èmi tí mo ṣì rántí adìyẹ tí mo ń sìn tí wọ́n pa lójú mi nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo ní ọmọ máa gbàgbé! Ó wò mí títí. Ó ní, "Ó dáa, bó o bá ṣe fẹ́ náà ni." Ọkọ tí kì í jiyàn. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ò rí Kíkẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó wẹ Ṣìkẹ́, ó fi kóòmù ya irun rẹ̀, ó wọ ọ́ ní ẹ̀wù Jùwọ́n kan tó ti kéré. Ó ní tí ẹbí rẹ̀ bá rí i, wọn kò gbọdọ̀ rò pé a ń fi ìyà jẹ ẹ́. Nínú kéké ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a wọ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó ń sọ fún un pé, "Má bẹ̀rù, a jọ ń lọ, a jọ ń bọ̀ ni." Àǹtí, mo jókòó tì wọ́n. Mo gbọ́ ọ. "A jọ ń lọ, a jọ ń bọ̀." Mo yí ojú sí ìta, mò ń wo koríko ẹ̀bá ọ̀nà.

Ibẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Igi ńláńlá, òjìji tútù, àwọn ọmọ ń sáré kiri. A rí ẹtu méjì tí wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ tín-ín-rín wọn bíi pé igi ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Òòrẹ̀ gbọn ẹ̀gún rẹ̀ ṣàràṣàrà, Jùwọ́n sá wá fara pamọ́ sábẹ́ ìró mi. Ahun kan wà níbẹ̀ tó dàgbà ju bàbá mi lọ. Obìnrin tó ń mú wa kiri, Olúyẹ́misí ni wọ́n ń pè é, ó mọ ọmọdé í bá sọ̀rọ̀, Kíkẹ́ ń bi í ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí! Mo sì ń rò ó pé, ṣé ẹ rí i, ọmọ yìí ń gbádùn, kò ní le.

Bàbá rẹ̀ wá ní kó gbé Ṣìkẹ́ fún òun, pé wọ́n fẹ́ gbé e lé ìwọ̀n. Ó gbé e fún un. Kò wẹ̀yìn. Èmi ni mo di ọwọ́ òun àti Jùwọ́n mú, mo ní ẹ jẹ́ ká lọ wo ọ̀nì.

Ṣé ẹ ti rí ọ̀nì rí, Àǹtí? Kò sí ohun tó ń ṣe. Ó kàn sùn sétí omi bí ìtì igi ni. Jùwọ́n ní, "Ó ti kú." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹni tó wà níbẹ̀ ní ìbéèrè bí akẹ́kọ̀ọ́. Kí ló ń jẹ? Ṣé ó ń bímọ? Ṣé ó mọ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ? Kí ló kàn mí kan ọ̀nì? Mo kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Ibẹ̀ la wà tí a gbọ́ igbe. Igbe kan, tóóró, ó gùn, ó dá, ó tún gùn. Kíkẹ́ gbé orí sókè. Ó ní, "Mọ́mì, Ṣìkẹ́ nìyẹn."

Mo ní, "Rárá. Ẹyẹ ni."

Màríà Mímọ́, ẹ bá mi bẹ̀bẹ̀! Ẹyẹ ni. Ó wo ojú mi, ó gbà mí gbọ́. Ó tún padà tẹjú mọ́ ọ̀nì.

Nígbà tí a máa fi dé ọ̀hún, Ṣìkẹ́ ti wà nínú ilé onírin, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di irin mú, ó na èkejì síta. Bàbá rẹ̀ wò mí. Ó wò mí, Àǹtí, ó ń dúró dè mí bóyá mo máa yí ọkàn padà, kí n sọ ọ́ níbẹ̀ kí ó tán. Mo mi orí sí i báyìí pé, sọ ohun tí a ti jọ gbà. Ló bá kúnlẹ̀ níwájú ọmọ, ó ní dókítà ẹranko fẹ́ yẹ Ṣìkẹ́ wò, pé tó bá yá, a ó wá mú un. Kíkẹ́ ki ìka bọ àárín irin, ó ní, "Mo máa wá o. Mo máa wá." Ṣìkẹ́ kò bá wa délé. Ẹ̀wù Jùwọ́n yẹn nìkan ló bá wa délé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti purọ́ kan rí, ṣé ọ̀kan ló máa ń jẹ́? Gbogbo Sátidé, ọmọ á wẹ̀, á wọ bàtà, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ á ní wọ́n ní kò tíì yá. Á ní dókítà rin ìrìn àjò. Á ní ọ̀nà bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀, òun ló ń pa á, èmi máa wà ní kíṣìnnì, n óò máa fọ abọ́ tó ti mọ́. Àbúrò yín ń rù. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ẹ sì ń sọ fún mi pé mi ò fún un lóúnjẹ dáadáa!

Ẹ ò mọ èyí ṣá: ó ń yọ́ lọ sí ọgbà ẹranko náà. Olúyẹ́misí ló pè mí lórí fóònù, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa bẹ ọkọ yín, kí wọ́n má wá mọ́." Ó ní tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, á wá, á jókòó sílẹ̀ níwájú ilé onírin, kò ní sọ ohunkóhun, ọ̀bọ á wá jókòó níhà kejì, àwọn méjèèjì á máa wo ara wọn. Ó ní lọ́jọ́ tó bá wá, Ṣìkẹ́ kì í bá àwọn ọ̀bọ yòókù ṣeré, kì í jẹun, ẹnu géètì ló máa ń wò. Mo jíṣẹ́ fún un. Ó ní, "Mo gbọ́." Kò lọ mọ́. Mo mọ ọjọ́ tó jáwọ́, torí ọjọ́ yẹn ni kò sọ̀rọ̀ títí a fi sùn, mo sì wò ó, mo rí ojú Kíkẹ́ nígbà tí Màmá kú. Ojú kan náà. Bàbá ló bí i lóòótọ́.

Hẹn. Ẹ bi mí bí ọmọ ṣe wá mọ̀. Tíṣà wọn ló kó gbogbo kíláàsì lọ síbẹ̀, kí àwọn ọmọ lọ rí ẹranko. Ta ni n óò bínú sí? Tíṣà mọ̀ ni? Olúyẹ́misí kọ́ ló mú wọn kiri lọ́jọ́ náà, ọkùnrin kan tí kò mọ̀ wá ni. Wọ́n ti tú Ṣìkẹ́ sínú ọgbà ńlá tí wọ́n fi wáyà yí ká, níbi tí àwọn ọ̀bọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Kíkẹ́ pè é. Tíṣà ló sọ fún mi: ó ní ọmọ náà kò pariwo, ó kàn pè é bí ènìyàn ṣe ń pe ọmọ nínú yàrá. Ṣìkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, ó wá, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. Gbogbo ọmọ kíláàsì patẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀bọ mìíràn dún láti òkè, Ṣìkẹ́ yí ẹ̀yìn padà, ó gun igi lọ. Ọkùnrin yẹn wá ní, "Ẹ rí èyí? Inú ilé ló ti dàgbà. Bàbá kan ló gbé e wá fún wa pátápátá, ó ní kí a má dá a padà fún òun mọ́." Níwájú gbogbo kíláàsì, Àǹtí! Ọmọ mi kò sunkún. Tíṣà ní ó kàn bọ́ sẹ́yìn, ó lọ dá dúró.

Ó délé. Bàbá rẹ̀ ń jẹ iyán lọ́wọ́. Èmi ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ bọ̀ láti kíṣìnnì. Ó dúró níwájú tábìlì pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, ó ní, "Dádì, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ti fún wọn ní Ṣìkẹ́ pátápátá?" Àbúrò yín fọwọ́. Ó nu ún. Ó ní, "Òótọ́ ni." Kíkẹ́ ní, "Ṣé Mọ́mì mọ̀?"

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò. Ó ń jó mi lọ́wọ́. Àbúrò yín kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá, bóyá bó bá wò mí, ọmọ á mọ̀. Ó ní, "Ìyá rẹ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi nìkan ni mo ṣe é."

Ta ló bẹ̀ ẹ́? Àǹtí, mo ní ta ló bẹ̀ ẹ́! Ta ló ní kó gbà á fún mi? Ṣé mo bẹ̀ ẹ́? Ṣé mo ṣẹ́jú sí i? Bó bá ní, "Bi ìyá rẹ," ǹ bá sọ òótọ́. Ǹ bá sọ ọ́! Àbí n kò ní sọ ọ́? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀… N kò mọ̀. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Ọmọ sáré wá, ó dì mọ́ mi ní ìbàdí, ó fi orí rẹ̀ sí ikùn mi níbí yìí, ó wá bú sẹ́kún nígbà náà. Èmi ló dì mọ́! Èmi tí mo ní ẹyẹ ni! Mo gbé ìkòkò sílẹ̀, mo sì ń fọwọ́ pa á lórí, mò ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́." Àbúrò yín dìde, ó jáde síta.

Láti ìgbà náà, bí ó bá wọlé, ọmọ á jáde. Bí ó bá jókòó sídìí oúnjẹ, ọmọ ò ní jẹun. Jùwọ́n tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ń kọrin kiri ilé pé òpùrọ́ ni Dádì, mo gbá a lẹ́nu, mo tún wọlé lọ sunkún. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni Kíkẹ́ ń sùn, ó di ẹ̀wù mi mú bí Ṣìkẹ́ ṣe ń ṣe nígbà tó wà ní ìkókó. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan ló kù fún mi." Ẹ ò rí i bí ó ṣe ń gún ènìyàn! Ni àbúrò yín bá kó ẹ̀wù sínú báàgì, ó ní òun ń lọ kọ ebè ní Ìgèdè kí ọmọ lè ráyè jẹun. Ó tún ní kí n tọ́jú ara mi. Kí n tọ́jú ara mi!

Sátidé tó kọjá, mo lọ fún ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo tò sórí ìlà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn mí, mo ṣe bíi pé fóònù ń dún, mo sá jáde. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ènìyàn dìde lọ gba Ara Olúwa, mo jókòó mọ́lẹ̀ bí kèfèrí, Kíkẹ́ ń bi mí pé ṣé ara mi ò yá ni. Kí n wí fún Fadá pé kí ni? Fadá kọ́ ni mo ṣẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti sọ fún Kíkẹ́. Láàárọ̀ yìí ni. Mò ń dirun fún un, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún mi, n kò rí ojú rẹ̀, bóyá ìyẹn ló fún mi láyà. Mo ní, "Kíkẹ́, èmi ni mo ní ká má sọ fún ẹ. Bàbá rẹ fẹ́ sọ. Èmi ni mo kọ̀." Ọwọ́ mi ṣì ń dirun, n kò mọ ohun tí mò ń dì. Ó wá ní, "Nígbà tí ẹ ní ẹyẹ ni?" Mo ní, "Ṣìkẹ́ ni. Mo mọ̀ pé Ṣìkẹ́ ni."

Ó dìde. Àǹtí, kò pariwo, kò bú mi, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó bú mi. Ìlàjì orí rẹ̀ ni mo dì, ìlàjì yòókù wà bẹ́ẹ̀ wúruwùru, ó wọ bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ mú mi lọ bá Dádì." Mo ní kí n parí irun yẹn ná. Ó ní rárá. Mo ní ó dáa, kó jẹun. Ó ní rárá. Láti Adó títí dé ìhín, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ kéké ló jókòó sí kó má bàa fara kàn mí. Àwọn èrò ń wo orí rẹ̀, wọ́n ń wo èmi.

Ẹ wo ojú fèrèsé. Òun nìyẹn nínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ máńgòrò yín. Ó ní òun kò ní wọlé bí mo bá wà nínú ilé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo wá gbà, kí n sì máa lọ. Ẹ pè é jáde. Kó lọ bá ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún un o, ẹ̀yin nìkan lẹ lè kìlọ̀ fún un: kó má ṣe bá mi bẹ̀ ẹ́! Bó bá bẹ̀rẹ̀ ìwà rẹ̀, bó bá ní, "Kíkẹ́, forí ji ìyá rẹ, ó nífẹ̀ẹ́ rẹ ni," ẹ bò ó lẹ́nu! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bò ó lẹ́nu. Kó jẹ́ kí ọmọ bínú sí mi tó bó ṣe fẹ́, kó pẹ́ tó bó ṣe fẹ́. Tèmi ni. Èmi ni mo fọwọ́ mi fà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi mọ́.

Kò dáhùn? Ó gbọ́. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ láti ìgbà tí mo ti wọlé. Ẹ yà fún mi níbẹ̀ yẹn.

Oyèbámijí! Jáde síta! Ọmọ rẹ ń dúró dè ọ́ nínú oòrùn!